Ahọ́n màámi àti áàpù orí fóònù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ló gbé áàpù kan dé: ya fọ́tò ahọ́n rẹ, á sọ àìsàn tó ń ṣe ọ́. Màámi yọ ahọ́n, a yà á lábẹ́ iná pálọ̀. Áàpù ní ahọ́n wọn pupa jù, ooru pọ̀ lára wọn. Àṣé sóbò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán! Wọ́n fi omi yọ ẹnu, a tún un yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní ahọ́n funfun, ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Ahọ́n kan náà o!

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń wo ahọ́n, dókítà tiwa náà a máa ní ká yọ ọ́. Mo kà á pé ní 2024, àwọn onímọ̀ láti Iraq àti Australia fi àwòrán 5,260 kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ahọ́n 60 péré ni wọ́n fi dán an wò.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ó ti ń rẹ màámi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi ní ká sáà ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Èmi ní ká lọ yẹ PCV, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe tó, wò ní láàbù, màámi sì ń sá fún abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ láàbù tó wà níbí, ṣé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ká yẹ̀ wò, àbí ká fi ti ṣúgà kún un? Báwo ni mo sì ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà?