Báwo la ṣe lè máa gbúròó àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ jáde?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti yunifásítì kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti ń kọ́ni, ó sì ń dùn mí pé bí àwọn ọmọ wa bá ti gbàwé ẹ̀rí, tí wọ́n tú ká lọ sí Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Èkó, a kì í gbúròó wọn mọ́. A dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀; ìkíni ọdún nìkan ló kù níbẹ̀. A fi 01 ṣíwájú nọ́ńbà àtijọ́ wọn, bí ìjọba Benin ṣe yí i padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò wọlé. Ọ̀nà wo la lè gbà so wọ́n pọ̀ mọ́ àwa àti àwọn ọsibítù tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́? Ẹ forí jì mí bó bá gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.