Bí a ṣe lè fi API mọ ọ̀nà tí oníbàárà gbà dé ilé ìtajà wa

Alátẹ Àjàṣẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bá ilé ìtajà kan ṣiṣẹ́ níbí ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń ta ọṣẹ dúdú, òróró àgbọn àti aṣọ àdìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Faransé. WordPress, àti WooCommerce tó ń bá a bójú tó ọjà títà, ni wọ́n fi kọ́ ìkànnì náà. Ìyá tó ni ọjà ń náwó sí ìpolówó lórí Facebook, wọ́n sì tún máa ń fi lìǹkì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn lórí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ mọ̀ nínú àwọn tó ti rajà, àwọn tí ìpolówó mú wá, àwọn tí WhatsApp mú wá, àti àwọn tó wá fúnra wọn.

Mo fẹ́ kọ kóòdù kékeré kan tí yóò máa bá API ilé ìtajà náà (ẹnu ọ̀nà tí kóòdù fi ń béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìkànnì) sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, tí yóò sì kó ìsọfúnni yìí sínú tábìlì kan, kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ API tí agbára rẹ̀ kò ju kíkà lọ, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ `/wp-json/wc/v3/customers`. Orúkọ, àdírẹ́sì àti ìméèlì jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan níbẹ̀ tó sọ ibi tí ẹni náà ti wá, àwọn tó jáde náà kò sì tó iye àwọn tí mo mọ̀ pé wọ́n ti rajà lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí mo bá ṣí ọ́dà kan (àkọsílẹ̀ ọjà tí ẹnì kan rà lẹ́ẹ̀kan) lójú ìwé alábòójútó, mo máa ń rí i pé ọ̀nà tí ẹni náà gbà wọlé wà níbẹ̀. Níbo gan-an ni kí kóòdù mi ti máa béèrè rẹ̀?

Akọ̀wé-kóòdù Kétu dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ará Àjàṣẹ́. Ara ọ́dà ni WooCommerce máa ń so ìsọfúnni yìí mọ́, kì í so ó mọ́ ara oníbàárà, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i ní ibi tí ẹ ti wá a. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 8.5 ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni iṣẹ́ yìí ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọ ìkànnì yín, kóòdù JavaScript kan tí wọ́n ń pè ní Sourcebuster yóò kọ ibi tó ti wá sínú kúkì (àkọsílẹ̀ kékeré) tó wà nínú aṣàwákiri rẹ̀. Nígbà tí ẹni náà bá parí ọjà rírà, fọ́ọ̀mù ìsanwó yóò gbé ohun tí kúkì náà mọ̀ dání, yóò sì di ara `meta_data` (ìsọfúnni àfikún) ọ́dà yẹn. Nítorí náà, `/wp-json/wc/v3/orders` ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí nínú ọ́dà kan á jọ báyìí:

`_wc_order_attribution_source_type: utm`
`_wc_order_attribution_utm_source: facebook`
`_wc_order_attribution_utm_campaign: ose-dudu`

Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí `session_entry` ni ojú ìwé tí ẹni náà kọ́kọ́ balẹ̀ sí, èyí tó sì parí sí `referrer` ni ìkànnì tó ti wá. Ní ti `source_type`, `utm` ni ẹni tó tẹ lìǹkì tí a fi àmì `utm_` sí láti fi mọ ibi tó ti wá, `organic` ni ẹni tí ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google mú wá, `referral` ni ẹni tó gba orí ìkànnì ẹlòmíì wá, `typein` ni ẹni tí a kò rí ipasẹ̀ rẹ̀, `admin` sì ni ọ́dà tí òṣìṣẹ́ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú ìwé.

Ní ti àwọn oníbàárà tó dín, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni `/customers` mọ̀. Ẹni tó bá rajà láìforúkọ sílẹ̀, `customer_id` tirẹ̀ yóò jẹ́ 0 lórí ọ́dà, ẹ kò sì ní rí i nínú `/customers`.

API náà kì í fúnni ní ju ọ́dà 100 lọ lẹ́ẹ̀kan; bí ẹ bá kọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sí `per_page`, àṣìṣe ni yóò dá padà fún yín. Ẹ máa wo `X-WP-TotalPages` lórí ìdáhùn rẹ̀ láti mọ iye gbogbo ojú ìwé tó wà. Ẹ lo `_fields` kí ó má baà máa kó gbogbo ẹrù ọ́dà wá fún yín nígbà tí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ nílò. Fún iṣẹ́ alaalẹ́, `modified_after` ni kí ẹ lò, kí ó lè mú kìkì ọ́dà tó yí padà lẹ́yìn àkókò tí ẹ bá dá wá, kí ẹ kọ àkókò náà ní aago GMT, kí ẹ sì fi `dates_are_gmt=true` kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wákàtí kan tí aago Bẹ̀nẹ̀ fi ṣáájú GMT yóò máa mú kí ọ́dà kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ọ́dà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tábìlì yín, kí èyí tó bá tún padà wá lè rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tó le jù ni ti sísọ ọ́dà di oníbàárà, nítorí pé ẹnì kan lè rajà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yàtọ̀ síra. Ní tèmi, ọ́dà àkọ́kọ́ ẹni náà ni kí ẹ mú gẹ́gẹ́ bí ohun tó mú un wá, kí ẹ sì tọ́jú ti ìkẹyìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń dáhùn, ìyá náà yóò sì béèrè méjèèjì láìpẹ́.

Kí ni ẹ ó fi mọ̀ pé ẹnì kan náà ni? Ìméèlì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ èyíkéyìí tó bá wá sí wọn lọ́kàn kí fọ́ọ̀mù ṣáà lè jẹ́ kí wọ́n kọjá. Nọ́ńbà fóònù dára jù ú lọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé òun ni ẹni tó ń gbé ọjà bọ̀ yóò pè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2024 ni nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní òǹkà 8, tó di 10, tí a sì fi 01 síwájú gbogbo wọn. Ẹni tó rajà ṣáájú ọjọ́ yẹn tó sì padà wá lẹ́yìn rẹ̀ yóò di ènìyàn méjì nínú tábìlì yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ àlàfo, +229 àti 00229 kúrò. Bí ó bá ku òǹkà 8, tí `billing.country` sì jẹ́ BJ (àmì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀), ẹ fi 01 síwájú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà àwọn ará Èkó.

Ní ti WhatsApp, ẹni tó bá tẹ lìǹkì láti inú rẹ̀ kì í sábà gbé `referrer` kankan dání, `typein` ni yóò bọ́ sí pẹ̀lú àwọn tó wá fúnra wọn. Kò sí API tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ó ti ṣẹlẹ̀. Láti òní lọ, kí lìǹkì tí ìyá náà bá ń fi ránṣẹ́ máa parí sí `?utm_source=whatsapp&utm_medium=message`, kí lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ kékeré nígbà gbogbo, torí pé WhatsApp àti whatsapp yóò di ìlà méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó Facebook pẹ̀lú. Iye tí Facebook yóò sọ pé òun mú wá kò ní bá tiyín mu, nítorí pé wọ́n máa ń ka ẹni tó tẹ ìpolówó tó sì rajà láàárín ọjọ́ 7, wọ́n sì ń ka ẹni tó kàn rí i láìtẹ̀ ẹ́, tó rajà láàárín ọjọ́ kan. Ẹ tètè sọ èyí fún ìyá náà kí àríyànjiyàn má baà bẹ́ sílẹ̀.

Alátẹ Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti rí àwọn ìlà náà nínú `meta_data`, tàwọn ará Èkó pẹ̀lú. Kí ni kí n ṣe sí àwọn ọ́dà ọdún 2022 àti 2023 tí kò ní nǹkan kan lára? Ṣé kí n pè wọ́n ní `typein`?

Akọ̀wé-kóòdù Kétu:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyè wọn ṣófo, nítorí pé `typein` túmọ̀ sí pé a wò ó, a kò sì rí ipasẹ̀ kankan, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wo ti àwọn wọ̀nyí rárá. Ẹ tún fi ti àwọn `admin` sọ́tọ̀, nítorí pé ẹni tó pè lórí fóònù lè jẹ́ ẹni tó rí ìpolówó.

Ohun kan kù. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2018, tó wà fún ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀, dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, APDP, àjọ ìjọba tó wà fún ààbò ìsọfúnni àwọn ènìyàn, ló sì ń bójú tó o. Tábìlì yín kò nílò orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún nọ́ńbà fóònù ṣe bí ará Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe wí, ẹ fi hash tó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí (ìṣirò tó ń sọ nọ́ńbà di àmì tí a kò lè fi mọ nọ́ńbà náà) yí i padà, kí ó jẹ́ pé hash náà nìkan ni ẹ ó tọ́jú. Kọ́kọ́rọ́ yẹn àti ti API kò gbọdọ̀ wà nínú fáìlì kóòdù tí ẹ máa gbé sórí Git, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù sí.