Nígbà tí bọ́ọ̀lù gbígbá bá parí: ìrírí lórí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti okòwò

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù lè fi ṣiṣẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá fẹ̀yìn tì la fẹ́ sọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Òkìkí ẹsẹ̀ kì í báni wọ yàrá ìdánwò akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ wo Stephen Keshi. Òun ni balógun Super Eagles tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Ó di 2013, ní South Africa, kó tó gba ife kan náà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, nígbà tí Sunday Mba fi gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lu Burkina Faso. Ọdún 19 ló wà láàrin méjèèjì. Láàrin ìgbà náà ló kọ́ Tógò débi tí wọ́n fi yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, síbẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé lọ́wọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Ti Finidi George náà ò jìnnà síyẹn. Ó gba Champions League pẹ̀lú Ajax lọ́dún 1995, ó kọ́ Enyimba títí wọ́n fi gba líìgì Nàìjíríà ní 2023. Nígbà tí wọ́n fi Super Eagles lé e lọ́wọ́ pátápátá ní 2024, ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo àti ìjákulẹ̀ 2-1 lọ́wọ́ Benin tó láti mú kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, àdéhùn iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju owó oṣù lọ. Kí ẹni tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé kọ́kọ́ wá nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: owó oṣù mélòó ni wọ́n máa san bí wọ́n bá lé e, ta ló láṣẹ láti yan àwọn agbábọ́ọ̀lù, ta ló ń gba àwọn igbákejì rẹ̀ síṣẹ́.

Ìwé ẹ̀rí sì máa ń gba àkókò. Lọ́dọ̀ UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ìpele ìwé ẹ̀rí mẹ́rin ló wà, láti C tó kéré jù dé Pro tó ga jù: ó kéré tán, wákàtí ẹ̀kọ́ 60 ni ti C, 120 ni ti B, 180 ni ti A, Pro sì jẹ́ 360. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, ọdún bíi mélòó kan ló máa fi jókòó láìní iṣẹ́ gidi, torí pé wọ́n á fẹ́ kó fi ẹgbẹ́ kan dánra wò kó tó gòkè sí ìpele tó kàn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí C àti B ti parí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìwé ẹ̀rí, ẹ ṣé gan-an. Orí pápá ni mo fẹ́ fi tèmi sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa rí ni pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbá a han àwọn ọmọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọn ò sì ní kọ́ nǹkan kan. Ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe láìronú ló gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ fún wọn: ìgbà wo ni kí wọ́n bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, ẹsẹ̀ wo ni wọ́n máa fi gbà á, ibo ni kí àyà kọjú sí.

Ẹ mú eré márùn-ún sí méjì. Kóònù 4 ni, bọ́ọ̀lù bíi 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí eré má baà dúró, igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 10 sí 12. Márùn-ún ń ta bọ́ọ̀lù síra wọn, méjì ń lé e. Bí ààyè bá há jù, bọ́ọ̀lù á máa jáde ṣáá, àwọn ọmọ á sì gbà pé àwọn ò mọ̀ ọ́n gbá. Bó bá fẹ̀ jù, àwọn méjì yẹn á sáré títí á fi rẹ̀ wọ́n, àwọn márùn-ún ò sì ní ronú rárá. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sún kóònù ní ìṣísẹ̀ kan ná kó tó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹrin: ó tó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó dá eré dúró nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, kó sọ gbólóhùn kan, kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹni tó bá ń fọn fèrè ní gbogbo ìgbà ń tọ́ àwọn tó máa dúró de àṣẹ rẹ̀ lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni, ìyẹn sì máa ń dùn mí púpọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí owó. Akádẹ́mì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ nínú bọ́ọ̀lù, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré sí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá méjì wọlé nínú gọ́ọ̀lù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà 1980 ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tó pa ìwé àti eré ìdárayá pọ̀ ló dá sílẹ̀ ní Wasinmi, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀nà tó dáa nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wọlé ò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Owó tí FIFA là sílẹ̀ fún ẹni tó tọ́ agbábọ́ọ̀lù ni ìdá 5 nínú 100 owó tí wọ́n bá rà á kí àdéhùn rẹ̀ tó parí. Bí ẹgbẹ́ kan ní Belgium bá ra ọmọ náà láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní mílíọ̀nù kan yúrò, 50,000 ni wọ́n máa yọ sọ́tọ̀. Nínú 100 owó tí wọ́n rà á, ìdá 0.25 ni ti ọdún kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ orí 12 dé 15, ìdá 0.5 ni ti 16 dé 23. Akádẹ́mì tó tọ́ ọ láti 12 dé 15 á gba 10,000. Bó bá lo 16 àti 17 níbẹ̀ pẹ̀lú, ó di 20,000.

Ibi tí owó yìí ti ń sọnù ni ìwé. Ọmọ tí wọn ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní sáà kọ̀ọ̀kan, akádẹ́mì rẹ̀ ò ní hàn nínú àkọsílẹ̀ tí FIFA ń wò. Bí wọ́n bá sì ti yí ọjọ́ orí padà, àkọsílẹ̀ náà ti dàrú nìyẹn. Ẹ má ṣe ìlérí ilẹ̀ òkèèrè fún òbí ọmọ ọdún 15 pẹ̀lú: FIFA ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ré kọjá orílẹ̀-èdè láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, àfi nínú ìwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀.

* * *

Àbúrò, ẹ ṣé. Ohun kan ló kù, iṣẹ́ aṣojú agbábọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ dúnàádúrà lórúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ìdánwò FIFA fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà jẹ́ ìbéèrè 20, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 15. Ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ yẹn kò gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú akádẹ́mì tàbí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń mú ìdá nínú owó tí wọ́n ta ọmọ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu. Kí ó ti yan èyí tó fẹ́ ṣe kó tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà.