Èsì: “ọrọ̀ ajé oníka” kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi nílẹ̀ Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí.

Mo ka lẹ́tà ọ̀gá olùkọ́ wa láti Kàbbà tó ní ká máa pe digital economy, ìyẹn òwò àti iṣẹ́ tó ń lọ lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, ní “ọrọ̀ ajé oníka”, torí pé inú digitus, tó ń jẹ́ ìka lédè Látìn, ni digit ti wá. Yàtọ̀ sí àwọn fáda àtijọ́, ta ló ń sọ Látìn ní Kàbbà? Ẹ yọ àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: “oro aje onika”. “Ọ̀rọ̀ àjẹ́ oníkà” lọmọ ọlọ́mọ máa kà. Ṣé a fẹ́ fi pe ọmọ náà wá síṣẹ́ ni, àbí a fẹ́ kó sá?

Láti 2019 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi Digital Economy kún orúkọ iléeṣẹ́ ètò ìbánisọ̀rọ̀ la ti ń fa èyí. “Ọrọ̀ ajé orí ayélujára” lèmi ń lò. Àbúrò wa obìnrin ní Mọ̀pà ní kò kárí, pé M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2007, orí fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. “Orí ẹ̀rọ” ni ká wí. Ó rí i sọ, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ńkọ́?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àgbàṣe. Mo ní “àgbàṣe orí ayélujára” ni iṣẹ́ táwọn ọmọ wa ń gbà lórí Upwork, ìkànnì tí oníṣẹ́ àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ ti ń pàdé. Ẹnì kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé iṣẹ́ ọkọ́ ni àgbàṣe, pé mò ń tàbùkù ọmọ tó kàwé. Kí ló wà nínú rẹ̀ ju gbà àti ṣe lọ? Bàbá mi ṣe àgbàṣe ní Ìsánlú: iye ebè tí wọ́n bá kà lowó ọwọ́ rẹ̀, èyí tí kò bá ga tó, olóko ò ní kà á. Ẹ wá wo Mechanical Turk, ìkànnì iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí Amazon ṣí ní 2005, tọ́pọ̀ ará Íńdíà ń jẹun nídìí rẹ̀. Wọ́n á gbé àwòrán síwájú ẹ, wàá sọ ohun tó wà níbẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ á wọlé. Bí ẹni tó gbéṣẹ́ wá bá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́ kó má san kọ́bọ̀. Kò sí owó oṣù, kò sí ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan wá ń pè é ní “iṣẹ́ òmìnira”. Òmìnira wo? Ọmọ tó bá gbọ́ àgbàṣe á ti mọ̀ pé kóun dúnàádúrà kóun tó gbé ọwọ́ lé e.

Ní ti ará Ìbàdàn yẹn tó ní Ọ̀kun ò lè kọ́ òun ní Yorùbá, kó kọ́kọ́ fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ ná.