Lórí «abẹ́rẹ́ ibà» àti «àjẹsára ibà»: ìdí tí mo fi mú «ìdènà pàlú»

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kétu, ní Benin.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Àjàṣẹ́ ní kí á pe abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ ọwọ́ láti dènà pàlú, ìyẹn ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ní «abẹ́rẹ́ ibà», nítorí ó yá lẹ́nu lórí rédíò. Àbúrò wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní rárá, kó jẹ́ «àjẹsára ibà» bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń wí. Ẹ má bínú, n kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

«Abẹ́rẹ́ ibà» ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílùú. Èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná janjan nìyẹn. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ níbí nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá kan. Ìyá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó kan iwájú orí rẹ̀, ó ní, «Ara rẹ̀ tutù, kò níbà», ló bá ń so ọ̀já padà. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Orúkọ yẹn ló ṣì í lọ́nà. Yàtọ̀ sí èyí, ibà pọ́njú náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Èwo la ń wí nígbà náà? Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà títí dé ọ̀dọ̀ oní zémidjan (ọlọ́kadà), pàlú ni gbogbo ènìyàn ń pe ibà ẹ̀fọn.

Àjẹsára ló ṣòro jù, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n létí àgbà, ẹni tó ti jẹ oògùn sára, nǹkan yẹn kò gbọdọ̀ ràn án mọ́. RTS,S, abẹ́rẹ́ tuntun tí à ń wá orúkọ fún yìí, kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò nílẹ̀ Áfíríkà láàrin 2009 sí 2014, bí pàlú ìbá ṣe àwọn ọmọ tó gbà á pé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàrin ọdún mẹ́rin, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dí lọ́nà. Kì í ṣe ohun kékeré o! Ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì tó kọ́kọ́ lò ó láti 2019, ikú àwọn ọmọ tó tó ọjọ́ orí àtigbà á dín kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á, ẹ̀ẹ̀kẹrin sì máa ń jìnnà sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìyá tó bá gbọ́ «àjẹsára» lè ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí ẹní, kó má sì padà wá mọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀fọn bá gé ọmọ jẹ, kòkòrò pàlú á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i kó tó padà wá da ara rú. Lójú ọ̀nà ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ yìí ti ń kọ́ ara láti dá a dúró. Ìdènà ni! Ará Kétu kò sì nílò atúmọ̀ fún ìdènà. Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, wà níwájú wa: ẹni tó wọ ilẹ̀kùn kìíní kò tíì wọ ìlú, torí òmíràn ṣì ń bẹ. Síbẹ̀, ogun Dàhòmì wọlé ní 1886. Ẹni tó bá gbọ́ ìdènà mọ̀ pé ọ̀tá ṣì lè rí ọ̀nà gbà, yóò sì tún máa ta àwọ̀n.

Ẹnì kan lè ní àwọ̀n náà ń dènà pàlú. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi «abẹ́rẹ́» ṣíwájú: abẹ́rẹ́ ìdènà pàlú. Orúkọ yìí á gba R21, abẹ́rẹ́ pàlú kejì, pẹ̀lú, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2023.

Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní Benin, àwa ṣì ń jiyàn orúkọ. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, bí «pàlú» kò bá sí lẹ́nu àwọn ìyá yín, ẹ kọ èyí tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́, kí á lè fi í sínú ìkéde tí mò ń túmọ̀ lọ́wọ́.