Ṣé "ọ̀daràn" ni kí n kọ ni, àbí "gbájúẹ̀"?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọkùnrin kan ra ẹja àrọ̀ ńlá mẹ́ta, ó na fóònù sí mi, mo fojú ara mi rí álàátì, mo bá di ẹja fún un. Títí di òní, kọ́bọ̀ ò wọlé.

Ìyálọ́jà ní kí n kọ ẹjọ́ mi sínú ìwé. Mo kọ "ọ̀daràn". Bàbá onílé mi ní rárá, ẹni tó dá ọ̀ràn là ń pè bẹ́ẹ̀, wọn ò sì tíì dá ẹjọ́ kankan; pé "afurasí" ni kí n kọ, ẹni tá a fura sí. Ìfura kẹ̀? Èmi tí mo ṣì jẹ apẹja lówó!

Lẹ́nu tèmi, gbájúẹ̀ ni. Mo ṣáà gbọ́ "gbá", "ojú" àti "ẹ̀" nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn lójú lọ́sàn-án gangan. Ó bá mi mu. Àmọ́ ṣé ó yẹ nínú ìwé tí àgbà máa kà, àbí èdè ìgboro lásán ni? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ? Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ mú un lọ.