Fọ́tò tí mo ń yà fáwọn ajá tí ò sẹ́ni tó ni wọ́n ní Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò tá a ń yà fáwọn ẹran ọ̀sìn tí ò sẹ́ni tó ni wọ́n, kí wọ́n lè rí ẹni mú wọn sílé, torí àwọn tó ti sọ ṣáájú níbí, ológbò ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ajá ni tèmi. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ni mo fi ń jẹun níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), àmọ́ tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ láàárọ̀ mo máa ń gbé kàmẹ́rà lọ síbì kan lọ́nà Tokpota tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí wọ́n lé síta àtàwọn tí mọ́tò gbá, mi ò gba kọ́bọ̀, owó zémìjàn (ọ̀kadà) gan-an àpò mi ló ti ń jáde.

Màmá tó ń bójú tó ibẹ̀ ló bẹ̀ mí. Fọ́tò tí wọ́n ń gbé sórí WhatsApp nígbà yẹn, inú àgò ni wọ́n ti ń yà á, wọ́n á dúró lókè, wọ́n á tan fláàṣì, ojú ajá á wá máa kọ yẹ̀rì, irin á dábùú ẹ̀ níwájú. Àwọn tó rí i ń fèsì pé ajá yìí máa bu ni jẹ. Ajá tí ò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí o! Ó dùn mí gan-an, torí ajá ilé wa ni gbogbo wọn, àwọn onírun kúkurú tó lágbára yẹn, ajá òyìnbó làwọn èèyàn sì ń wá, tí fọ́tò ò bá wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ta ló máa mú wọn?

Ajá dúdú ló le jù. Ẹ gbé ajá dúdú síwájú ògiri funfun nínú oòrùn ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ògiri ni kàmẹ́rà á máa wò, ajá á dúdú kirikiri, ẹ ò ní mọ ibi tí ojú ẹ̀ wà. Èyí tá a ń pè ní Tanímọ̀la, bó ṣe rí nìyẹn nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti yà á. Mo ní kí wọ́n mú un jáde láàárọ̀ kùtù, abẹ́ igi máńgòrò, ibi tí òjìji wà àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti iwájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò pè é, mi ò sì gbé kàmẹ́rà sójú, torí lójú ajá, lẹ́ńsì yẹn ojú ńlá ni, tó tẹjú mọ́ ọn tí ò ṣẹ́jú. Ó ń yán, ó ń lá imú ẹ̀, funfun ẹyinjú ẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe oorun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ẹ mọ àmì yẹn dáadáa, tẹ́ ẹ bá ti rí i ẹ sún sẹ́yìn. Mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wá. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó gbóòórùn lẹ́ńsì títí imú ẹ̀ fi kan gíláàsì, mo ní láti nù ún. Ọmọkùnrin tó ń fún wọn lóúnjẹ wá kan agolo mílíìkì lẹ́yìn mi, gbì! Etí méjèèjì nà, ó yí orí díẹ̀, mo ti fi ìyára kàmẹ́rà sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá tẹ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ẹ rí ewú tó wà lágbọ̀n ẹ̀, ẹ rí ibi tí etí òsì ti ya.

A gbé fọ́tò náà síta, a kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ ní Faransé, Gùn àti Yorùbá. Ìpè wọlé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìpè ló dáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bi wá bó ṣe wúwo tó, Màmá ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi ò bá ẹlẹ́sìn jà o, ìdílé ìyá mi ń bọ Ògún, mo sì mọ ohun tí ajá jẹ́ fún Ògún, ṣùgbọ́n ajá tá a gbé lójú títì tá a fi oṣù tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ̀, a ò lè fà á lé ẹni tó fẹ́ pa á lọ́wọ́.

Alhaji kan láti Ouando ló wá mú un níkẹyìn. Àwọn kan láàrin wa ń wò ó pé ṣé mùsùlùmí ń sin ajá ni, ó ní ẹ̀sìn òun fàyè gba ajá tó ń ṣọ́lé, itọ́ ẹ̀ ló ní òfin tiẹ̀. Ibi tó ń kó àgbàdo sí ló fẹ́ kó máa ṣọ́. Ó na pọtábù (fóònù) ẹ̀ síwájú, ó ń wo fọ́tò, ó ń wo ajá, ó tún wo etí tó ya yẹn, ó ní "Òun náà nìyí lóòótọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú lọ́dún 1895, ni gbogbo ayé fi ń rántí àìsàn yìí, torí òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀. Tí ajá bá bu yín jẹ tàbí ó ha yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an kódà tẹ́ ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ewé, torí tí àmì bá ti yọ, ikú ló sábà máa ń já sí.

Èmi náà ní ìbéèrè o. Àwọn ọmọ ajá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyá kan náà ló bí wọn, Màmá sì fẹ́ kí wọ́n pé jọ nínú fọ́tò kan, àmọ́ bí ọ̀kan bá jókòó, èkejì á ti sá lọ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?